Bí ìràwọ̀ kò bá lóǹkà, kí ló dé tí òru fi ṣókùnkùn?

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ìbéèrè ọmọ ni mo gbé wá síbí, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a lọ sí abúlé bàbá wọn fún ìsìnkú. Iná ìjọba kò dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dùbúlẹ̀ sórí ẹní níta, ó ń wo òkè. Ìràwọ̀ pọ̀ lóòótọ́, irú èyí tí a kì í rí nígboro. Ó pè mí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni pé ìràwọ̀ kò lóǹkà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Tí kò bá lóǹkà, kò yẹ kí àlàfo kankan wà láàárín wọn. Ibi tí èyí bá parí sí ló yẹ kí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí dúdú fi pọ̀ ju ìràwọ̀ lọ?"

Mo ní torí oòrùn ti wọ̀ ni. Ó ní tíṣà àwọn sọ pé ìràwọ̀ kan ni oòrùn náà, pé tí ẹyọ kan bá lè mú kí ilẹ̀ mọ́ báyìí, iṣẹ́ wo ni àwọn yòókù ń ṣe lóru? Bàbá rẹ̀ ní kó lọ sùn. Àtìgbà náà ló ti ń bi mí, mi ò sì rí nǹkan sọ. Aránṣọ ni mí, sáyẹ́ǹsì kọ́ ni mo ṣe ní sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó bá mi ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tí màá fi lè sọ ọ́ fún un.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin:

Mà, èyí kò le. Àwọn ìràwọ̀ yẹn jìnnà jù ni. Oòrùn sún mọ́ wa, ìdí nìyẹn tó fi mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún un pé iná tó bá jìnnà kì í hàn dáadáa.

Alhaja Ọlọ́jà:

Ọlọ́run ló ṣe òru kí ẹ̀dá lè sinmi. Ìyẹn tó mi. Àmọ́ èmi náà fẹ́ gbọ́ èsì yìí, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ọmọ tó ń ronú ni.

Olùkọ́ Fisíìsì:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Fisíìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìgbàkígbà tí mo bá ń kọ́ wọn nípa ìmọ́lẹ̀, irú ìbéèrè yìí gan-an ni mo máa ń retí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ọmọ kan tó bi í. Ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé dáadáa. Ẹ sì bá mi sọ fún bàbá rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ kì í ṣe èyí tí a fi ń lé ọmọ lọ sùn.

Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, ti rò ó lọ́dún 1610. Jean-Philippe de Chéseaux, ará Switzerland, tún gbé e yẹ̀ wò lọ́dún 1744. Nígbà tó di 1823, Heinrich Olbers kọ̀wé lé e lórí. Dókítà oníṣègùn ni Olbers nílùú Bremen ní Jámánì, ìràwọ̀ ló sì máa ń wò lóru lẹ́yìn iṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ìṣòro náà títí dòní. Kẹ́hìndé kò mọ ìkankan nínú wọn, orí ẹní ló ti dé ibi tí wọ́n dé.

Ọmọ Ọ̀yọ́, má bínú, èsì tìrẹ kò tíì tán ọ̀rọ̀ náà. Mú bírò, ká jọ ṣírò rẹ̀. Gbé ìràwọ̀ kan lọ sí ìlọ́po méjì ibi tó wà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń dé ojú wa á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Gbé e lọ sí ìlọ́po mẹ́ta, á di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Títí dé ibẹ̀, o jàre. Àmọ́ bí a ṣe ń jìnnà sí i ni àyè tó yí wa ká ń fẹ̀ sí i. Ní ìlọ́po méjì yẹn, àyè tí ìràwọ̀ lè wà ti fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ti fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ohun tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan pàdánù nínú ìmọ́lẹ̀, pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ sí i ti dá a padà ní géérégé. Ìmọ́lẹ̀ tí àwọn tó jìnnà ń fi ránṣẹ́ lápapọ̀ kò kéré sí ti àwọn tó wà nítòsí. Tí wọ́n bá wá lọ bẹ́ẹ̀ láìlópin, tí wọ́n sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ayérayé, ìmọ́lẹ̀ á máa wọ́ jọ ṣáá ni.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó dúró láàárín igbó. Bí igbó náà bá kéré, á máa rí ìta láàárín igi. Bí igbó bá tóbi tó, ibi yòówù tó bá kọjú sí, ìtì igi kan ni ojú rẹ̀ á bá nígbẹ̀yìn, kò ní rí ìta mọ́. Ohun tí Kẹ́hìndé sọ nìyẹn. Ibi gbogbo lójú ọ̀run ló yẹ kí ìràwọ̀ kan wà, kí gbogbo rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ojú oòrùn. Kò ní sí òru. Kò tiẹ̀ ní sí àwa náà, torí ooru tó tó nǹkan bí dígírì 5,500 ni ì bá máa tú dà sórí wa láti gbogbo ìhà, òkun ì bá ti gbẹ tipẹ́.

Olbers rò pé nǹkan kan ń gba ìmọ́lẹ̀ náà mu lójú ọ̀nà. John Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló já èsì yẹn lọ́dún 1848: ohun tó bá ń gba ìmọ́lẹ̀ mu, gbígbóná ló máa gbóná, tó bá sì gbóná tó, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí tàn. Eruku kò lè dá òru sílẹ̀ fún wa títí láé.

Kí wá ni èsì? Ìmọ́lẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀, ó ń rìn ni. Ó ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó kúrò lójú oòrùn máa lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo ọdún 4.2 lójú ọ̀nà. Àgbáńlá ayé yìí kò sì ti wà láti ayérayé. Ó ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn. Ìwọ̀n tí sátẹ́láìtì Planck ti ilẹ̀ Yúróòpù ṣe bá iye yìí mu. Ìràwọ̀ tó jìnnà ré kọjá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti lè rìn dé ọ̀dọ̀ wa láti ìgbà yẹn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Àwọn ìràwọ̀ fúnra wọn náà sì ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kú. Oòrùn tiwa ti lo nǹkan bí bílíọ̀nù 4.6 ọdún, èyí tó kù fún un kò sì ju ìdajì ayé rẹ̀ lọ púpọ̀. Lord Kelvin, onímọ̀ fisíìsì, ṣe ìṣirò yìí lọ́dún 1901, ó sì rí i pé àkókò tí ìràwọ̀ ní láti fi tàn kò tó rárá. Kí wọ́n tó lè dí gbogbo àlàfo tí ọmọ yín rí, wọn ì bá ti máa tàn fún àkókò tó ju ọjọ́ orí àgbáńlá ayé lọ ní ìlọ́po tó lé ní bílíọ̀nù.

Nítorí náà, tí Kẹ́hìndé bá tún wo òkè tó rí dúdú láàárín ìràwọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rí ló ń wò, ẹ̀rí pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò gba awò awọ̀nàjíjìn kankan láti rí i. Ojú lásán ló fi rí i.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin:

Ẹ ṣeun sà. Mo ṣe ìṣirò náà lórí ìwé, mẹ́rin pa mẹ́rin rẹ́ lóòótọ́. N kò rò ó dé ibẹ̀ rí.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì, ti igbó yẹn ló yé e jù. Àmọ́ òmíràn ti dé o. Ó ní kí n bi yín pé: tí ayé bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà ńkọ́? Ó ní ẹ sọ pé ìmọ́lẹ̀ ń rìn. Ṣé ó ti rìn kúrò lọ́dọ̀ wa ni àbí ó ti kú?

Olùkọ́ Fisíìsì:

Kò kú o! Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ránṣọ. Nínú àyè tó tó hóró ṣúgà onígun kan, nǹkan bí 400 ẹyọ ìmọ́lẹ̀ àtìbẹ̀rẹ̀ yẹn ló wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi gbogbo gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò fi lè rìn jìnnà kí nǹkan tó dá a dúró. Nígbà tó tó nǹkan bí 380,000 ọdún, ooru ti wá sílẹ̀ sí nǹkan bí dígírì 3,000, ojú ọ̀nà wá là, ìmọ́lẹ̀ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi gbogbo. Ẹni tó bá wà nígbà náà, kò ní rí òru. Gbogbo ojú ọ̀run á máa tàn yòò, ó máa pọ́n bí ọsàn.

Láti ìgbà náà wá, òfuurufú, ìyẹn àyè tí gbogbo ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀, ti fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,100, ìgbì ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ti nà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìlọ́po kan náà. Bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń nà ló ń pọ́n sí i, títí á fi kọjá ohun tí ojú èèyàn lè rí. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ti nà títí ó fi di ìgbì rédíò. Ó ti tutù náà, ó ti tó nǹkan bí dígírì 270 nísàlẹ̀ òdo.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ kò wá a. Arno Penzias àti Robert Wilson ni orúkọ wọn, iléeṣẹ́ tẹlifóònù Bell ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní Holmdel ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1964, wọ́n ní ẹ́ríà ńlá kan tó rí bí ìwo, èèyàn lè dúró nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi gbọ́ ìgbì rédíò tó ń ti ọ̀wọ́ ìràwọ̀ wa yìí wá, ìyẹn agbo ìràwọ̀ ńlá tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀. Ariwo kan wà níbẹ̀ tí kò lọ. Wọ́n kọjú rẹ̀ sí ìhà New York, ariwo kò pọ̀ sí i. Wọ́n kọjú rẹ̀ sókè, kò dín. Tọ̀sán-tòru, ìgbà òtútù, ìgbà ooru, bákan náà ló ń dún. Ẹyẹlé méjì ti fi inú rẹ̀ ṣe ilé, wọ́n sì ti ya ìgbẹ́ sí gbogbo ara rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé yìí mú àwọn ẹyẹlé náà, wọ́n kó wọn lọ tu síbi tó jìnnà. Ẹyẹlé padà wá. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní láti pa wọ́n. Wọ́n gbá ìgbẹ́ náà kúrò, wọ́n nu gbogbo ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ariwo ò lọ.

Ní yunifásítì Princeton, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, Robert Dicke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kan irin tí wọn á fi wá ìmọ́lẹ̀ àtìbẹ̀rẹ̀ yìí gan-an lọ́wọ́. Àwọn méjì mìíràn, Ralph Alpher àti Robert Herman, ti sọ ọ́ láti 1948 pé ó yẹ kó wà, kò sì sẹ́ni tó lọ wá a. Ìyẹn ṣì ń dùn mí fún àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí Penzias pe Dicke lórí fóònù ni Dicke mọ̀ pé ẹlòmíràn ti débẹ̀ ṣáájú àwọn. Wọ́n kọ ọ́ jáde lọ́dún 1965, Penzias àti Wilson sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1978.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ẹ rántí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, nígbà tí NTA bá ti parí ètò òru, tí ojú rẹ̀ á kún fún tótòtó funfun àti dúdú, tí á máa hó ṣàà? Nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ariwo yẹn, ìmọ́lẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ayé ni. A ti ń wò ó ní pálọ̀ wa láìmọ̀.

Kẹ́hìndé ní kò yẹ kí àlàfo wà lójú ọ̀run. Ẹ bá mi sọ fún un pé ó jàre. Kò sí àlàfo. Ibi tó rí dúdú kún fọ́fọ́ fún ìmọ́lẹ̀ láti ìkángun kan sí ìkejì, ojú wa ni kò lè rí i.

Awakọ̀ Òru:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin bàbá. Tírélà ni mo ń wà láti Èkó lọ sí Kánò. Láàárín Jẹ́bbà sí Mọ́kwá, tí mo bá páàkì, mo máa ń wo òkè yìí dáadáa. Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi nípa ojú ọ̀run kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè mi: ta ló rí i pé òfuurufú ń fẹ̀? Ìkejì, kí ló wà kó tó bẹ̀rẹ̀? Pásítọ̀ wa máa ń sọ pé àwọn onísáyẹ́ǹsì kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ọlọ́run.

Olùkọ́ Fisíìsì:

Ẹ kú ewu ọ̀nà. Inú mi dùn pé ẹ̀yin lẹ béèrè èyí àkọ́kọ́, torí awakọ̀ kan wà nínú ìtàn rẹ̀.

Edwin Hubble lórúkọ rẹ̀ hàn jù. Lọ́dún 1929, lórí òkè Mount Wilson ní California, ó fi hàn pé bí àwọn ọ̀wọ́ ìràwọ̀ ńláńlá yòókù bá ṣe jìnnà sí wa tó ni wọ́n ṣe ń yára sá lọ tó. Ìmọ́lẹ̀ wọn ń na sí pupa. Vesto Slipher, onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, ti ń wọn irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti 1912. Àmọ́ ẹni tó bá Hubble ṣe èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni Milton Humason. Kò parí ilé ẹ̀kọ́. Ìbaaka ló ń dà, òun ló ń fi wọ́n kó ẹrù gun òkè náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé awò síbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbà á síṣẹ́ agbálẹ̀. Ó ń bá wọn dúró lóru, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di awò awọ̀nàjíjìn náà mú, títí ó fi di ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó ń fi í ya àwòrán ìmọ́lẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù. Òru kan náà tí ẹ ń wò ní Mọ́kwá ló fi kọ́ṣẹ́.

Ní ti pásítọ̀ yín, ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì sọ fún un nípa Georges Lemaître. Ọmọ ilẹ̀ Belgium ni, àlùfáà Kátólíìkì ni, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ni. Lọ́dún 1927, ṣáájú Hubble, ó ti kọ ọ́ pé òfuurufú ń fẹ̀. Lọ́dún 1931 ló wá sọ pé a jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti kéré rí, pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò gbà á. Ara rẹ̀ kò yá mọ́ lọ́dún 1966 nígbà tí wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti gbọ́ ìmọ́lẹ̀ àtìbẹ̀rẹ̀ náà ní Holmdel. Ó gbọ́ kó tó kú. Ó wọ aṣọ àlùfáà, ó ṣe ìṣirò, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan jẹ́rìí gbe èkejì.

Ohun tó wà ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀, kò sí irin iṣẹ́ kankan tó tíì wọ̀n ọ́n, ìmọ́lẹ̀ tó pẹ́ jù tí a lè rí ni èyí tó jáde ní 380,000 ọdún yẹn. Ẹni tó bá ní òun mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:

Bàbá, bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló ka ti ẹyẹlé yìí fún wọn lálẹ́ àná. A ń lọ sí abúlé lóṣù Kọkànlá fún ìrántí. Kí ni kí n ní kí ọmọ yìí wò níbẹ̀? A kò ní awò o.

Olùkọ́ Fisíìsì:

Ẹ kò nílò awò. Ẹ yan alẹ́ tí òṣùpá kò sí, kí ọyẹ́ tó kó eruku bo ojú ọ̀run. Ní àárín oṣù Kọkànlá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ jẹ́ kó kọjú sí àríwá, kó wo òkè. Á rí ìràwọ̀ mẹ́rin tó tò ní igun mẹ́rin ńlá, inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Kó mú èyí tó wà ní igun àríwá sí ìlà-oòrùn, kó ti ibẹ̀ tẹ̀ lé ìràwọ̀ méjì tó tò lọ sí ọ̀nà àríwá ìlà-oòrùn. Láti orí ìkejì, kó yà sí àríwá, kó tẹ̀ díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, á bá ìràwọ̀ kékeré méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó jìnnà jù nínú àwọn kékeré náà, nǹkan kan wà tó rí bí èéfín, kò mọ́ kedere.

Andromeda nìyẹn, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ ńlá mìíràn tó yàtọ̀ sí tiwa. Ó wà lára ohun tó jìnnà jù tí ojú lásán lè rí. Ìmọ́lẹ̀ tó máa wọ ojú Kẹ́hìndé lálẹ́ ọjọ́ náà ti wà lójú ọ̀nà fún nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 ọdún, kí irú èèyàn bíi tiwa tó wà láyé. Kó má wò ó gán-án, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni ojú ti ń rí ohun tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Kí ẹ pa gbogbo iná, pẹ̀lú ti fóònù, fún bí ìdajì wákàtí kó tó bẹ̀rẹ̀. Táíwò náà, kó bá a jókòó.